Gìgísẹ̀ Tí Kò Kanlẹ̀

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn òbí ọmọ tó ní CP (cerebral palsy, àìlera ara tí ọgbẹ́ inú ọpọlọ ń fà fún ìkókó) ló máa ń bi dókítà egungun, ìbáà ṣe ará Gàá Akánbí ní Ìlọrin, ìbáà ṣe ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀ wá láti Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà: "Dókítà, ẹ dákun, ṣé ẹ ò lè bá wa tú iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ yìí?" Ìka ẹsẹ̀ ni ọmọ fi ń rìn. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀, iwájú bàtà rẹ̀ nìkan ló ń jẹ. Ohun tí ojú ìyá rí nìyẹn, òun náà ló sì fẹ́ kí wọ́n bá òun tún ṣe.

Ìbéèrè ìyá kò burú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó mú abẹ lọ́wọ́ a máa tètè gbà nígbà mìíràn. Iṣẹ́ náà kò pẹ́: ojú abẹ kéékèèké mẹ́ta lára iṣan, wọ́n á tẹ ẹsẹ̀ sókè, iṣan á dẹ̀, gìgísẹ̀ á balẹ̀, wọ́n á de POP, ìdè funfun líle yẹn, mọ́ ọn. Inú gbogbo ilé á dùn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọmọ tó ń fi ìka rìn tẹ́lẹ̀ ti wá ń rìn pẹ̀lú eékún kíká, ìdí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ẹnu géètì. Gìgísẹ̀ kanlẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìdúró ti bàjẹ́, àtúnṣe èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì.

Ọpọlọ dúró sójú kan, ẹsẹ̀ kò dúró

Ọgbẹ́ inú ọpọlọ tó fa CP kì í tóbi sí i. Ó ti ṣẹlẹ̀, ó ti parí: bóyá ọmọ kò rí afẹ́fẹ́ mí nígbà ìbí, bóyá oṣù rẹ̀ kò pé, bóyá ibà apọ́njú mú un ní ìkókó tí wọn kò tètè tọ́jú rẹ̀, bóyá àrùn awọ ọpọlọ tàbí ibà tó wọ orí ni. Ẹsẹ̀ ló ń burú sí i. Egungun ọmọ ń gùn lójoojúmọ́, ẹran tó gan kì í gùn bá a, nítorí pé eré àti ìrìn tó ń na ẹran ló ń mú un dàgbà. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ tó ṣì ń tẹ̀ wẹ́rẹ́ ní ọmọ ọdún 3 fi lè kọ̀ jálẹ̀ ní ọmọ ọdún 8.

Nítorí náà, líle méjì ló wà nínú ẹsẹ̀ kan. Ọ̀kan ń ti ọpọlọ wá, ó ń wá, ó ń lọ, ó máa ń pọ̀ sí i bí ọmọ bá ń sunkún tàbí bí òtútù bá mú un. Èkejì ni kíkúrú ẹran fúnra rẹ̀, kì í sì í lọ bí ọmọ bá sùn. Abẹ iṣan kò rí nǹkan ṣe sí ti àkọ́kọ́. Ti èkejì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń pe gbogbo rẹ̀ ní pólíò ń ṣi ọmọ lọ́nà. Ẹsẹ̀ tí pólíò mú máa ń rọ jọwọlọ, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ CP máa ń gan. Abẹ tó tọ́ sí ọ̀kan lè ba èkejì jẹ́.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ibùsùn àyẹ̀wò

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọmọ márùn-ún lè máa fi ìka rìn ní wọ́ọ̀dù kan, kí ìdí rẹ̀ má dọ́gba lára méjì nínú wọn. Ibi tí a ti ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni orí ibùsùn àyẹ̀wò, nígbà tí ọmọ wọ ṣòkòtò péńpé, tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Bí ọmọ bá ń ké, kí wọ́n dúró kí ó dákẹ́. Ọmọ tó ń ké kò ṣeé yẹ̀ wò.

Dókítà á na eékún ọmọ tọ́. Á fi ọwọ́ kan gbá gìgísẹ̀ mú, á yí àtẹ́lẹsẹ̀ sínú díẹ̀, á wá rọra tẹ iwájú ẹsẹ̀ sókè síhà ojúgun. Á wo ibi tó dúró sí. Lẹ́yìn náà, á ká eékún yẹn, á sì tún tẹ ẹsẹ̀ sókè bákan náà. Orúkọ Nils Silfverskiöld, oníṣẹ́ abẹ ará Sweden, ni wọ́n fi ń pe àyẹ̀wò yìí, kò sì gba ẹ̀rọ kankan.

Ohun tó ń sọ fún wa ṣe kókó. Ẹran méjì ló para pọ̀ di iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Èyí tó wà lókè, gastrocnemius, ti òkè eékún bẹ̀rẹ̀, torí náà ó máa ń dẹ̀ bí a bá ká eékún. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, soleus, ti ìsàlẹ̀ eékún bẹ̀rẹ̀. Eékún nà, eékún ká, kò kàn án. Bí ẹsẹ̀ bá le nígbà tí eékún nà, tó wá gòkè fàlàlà nígbà tí a ká a, ẹran òkè nìkan ló kúrú. Bí ó bá le ní ìgbà méjèèjì, ẹran ìsàlẹ̀ náà ti kúrú nìyẹn.

Yíyí àtẹ́lẹsẹ̀ sínú yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Bí a kò bá yí i, àárín ẹsẹ̀ ló máa tẹ̀ sókè, kókósẹ̀ kò ní kúrò níbi tó wà. Ẹni tó ń wò ó á rò pé iṣan náà gùn tó, á sì kọ irọ́ sínú fáìlì láìmọ̀.

Lẹ́yìn títẹ̀ pẹ̀lẹ́, títẹ̀ kíákíá ló kàn. Bí a bá sáré tẹ ẹsẹ̀ sókè, ó máa ń há mọ́ni lọ́wọ́ níbì kan kó tó tú sílẹ̀. Ibi tó há sí yẹn ni líle tó ti ọpọlọ wá. Ibi tí ó dúró sí nígbà tí a rọra tẹ̀ ẹ́ ni kíkúrú ẹran gan-an. Bí àlàfo àárín méjèèjì bá fẹ̀, kì í ṣe abẹ ló kàn. Abẹ́rẹ́ botulinum, tí agbára rẹ̀ máa ń wà fún nǹkan bí oṣù 3 sí 6, àti POP tí wọ́n ń pààrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sí ara wọn, lè tó láti mú ẹsẹ̀ náà dẹ̀.

Oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ á tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní tíátà nígbà tí oògùn oorun bá ti mú ọmọ, kí abẹ tó kan ara. Oògùn yẹn máa ń pa líle tó ti ọpọlọ wá. Ohun tó bá ṣì le lójú oorun, òun ló kúrú lóòótọ́. Bí ẹsẹ̀ bá gòkè dáadáa nígbà náà, kí wọ́n gbé abẹ jù sílẹ̀, bí gbogbo mọ̀lẹ́bí tilẹ̀ jókòó síta tí wọ́n ń gbàdúrà kí iṣẹ́ abẹ náà yọrí.

Ó ku kí ọmọ dìde rìn, kí a dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a wo eékún. Ní ọ̀pọ̀ ọmọ tí CP mú ẹsẹ̀ méjèèjì, kókósẹ̀ wà ní ipò tó yẹ. Eékún àti ìbàdí tó ká ló gbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ń ṣiyè méjì, kó ká eékún ara rẹ̀ díẹ̀ kó wá dúró láì tẹ kókósẹ̀ síwájú: gìgísẹ̀ rẹ̀ náà á gbéra. Bí a bá gé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun tí kò ṣẹ̀ la fìyà jẹ.

Ìdí tí ìyà náà fi ń pọ̀ ni iṣẹ́ tí soleus ń ṣe. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti balẹ̀, òun ló ń dá ojúgun dúró kó má yí lọ síwájú jù, bí bíréèkì ṣe ń dá mọ́tò dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, eékún máa ń nà fúnra rẹ̀. Bí a bá gé e gùn jù, ojúgun á máa sáré lọ síwájú, eékún á máa ká, ẹran iwájú itan á máa ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ọ̀já rẹ̀ á nà, egungun orí eékún á gòkè, ìrora á dé nígbà tí ọmọ bá di ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ wúwo. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń gé awọ ẹran òkè nìkan fún ọmọ tí CP mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n á fi soleus sílẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ara kan ló mú yàtọ̀: tirẹ̀ lè kúrú dé ìsàlẹ̀ lóòótọ́, gígùn iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ sì lè jẹ́ ohun tó yẹ ẹ́ gan-an.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Mercer Rang, oníṣẹ́ abẹ egungun ọmọdé ní Toronto, bẹnu àtẹ́ lu àṣà kan nígbà tirẹ̀: ọmọ á máa ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní ọsibítù lọ́dọọdún. Ọdún yìí gìgísẹ̀, ẹ̀ẹ̀mìíràn ẹ̀yìn eékún, ọdún kẹta itan. Bí wọ́n ti ń tún ibì kan ṣe, ibòmíràn ń yẹ̀, nítorí ìbàdí, eékún àti kókósẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe báyìí ni pé wọ́n á yẹ gbogbo oríkèé wò, wọ́n á kọ gbogbo ohun tó ṣẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì ṣe wọ́n pa pọ̀ lọ́jọ́ kan, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọmọ ọdún 6 sí 12, nígbà tí ìrìn ọmọ ti fìdí múlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ṣe fún ṣáájú ọdún 6 ló máa ń tún kúrú jù, torí ìdàgbà rẹ̀ ṣì pọ̀ níwájú.

Kí ni wọ́n lè ṣe lọ́jọ́ yẹn? Wọ́n lè dẹ iṣan tó ń ká ìbàdí. Fún ọmọ tó ń rìn, òkè lẹ́bàá egungun ìdí ni kí wọ́n ti dẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá já a nísàlẹ̀ níbi tó ti lẹ̀ mọ́ egungun itan, ọmọ kò ní lè gbé ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dáadáa mọ́. Wọ́n lè dẹ àwọn iṣan ẹ̀yìn eékún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́ jù, ìdí á yọ sẹ́yìn, ẹ̀yìn á tẹ̀ wọnú, eékún tilẹ̀ lè máa nà gba ẹ̀yìn. Bí eékún bá nà gbọ̀n-ọ́n tí kò ká nígbà tí ọmọ ń gbé ẹsẹ̀, wọ́n lè ṣí ẹran kan kúrò níwájú itan kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn.

Egungun náà ń bẹ níbẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ òbí kì í rò sí. Egungun itan ọmọ tuntun máa ń lọ́ síwájú ní nǹkan bí dígírì 40. Ìrìn ló ń tú u títí yóò fi ku nǹkan bí 15 nígbà tó bá dàgbà. Nínú ọmọ CP, lílọ́ náà kì í tú. Orí eékún rẹ̀ méjèèjì á kọjú síra wọn, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á máa gbá ara wọn, á máa ṣubú. Kò sí ìfàgùn tàbí ìfọwọ́ra tó lè tú egungun tó lọ́. Wọ́n á gé e, wọ́n á yí i síbi tó yẹ, wọ́n á fi pátákó irin àti ìdè dè é.

Ibi tí kò bá sí ilé àyẹ̀wò ìrìn, fídíò fóònù lè ṣèrànwọ́ púpọ̀. Kí ọmọ bọ́ bàtà, kí ṣòkòtò rẹ̀ kúrú kọjá eékún, kí ẹni tó ń yà á lóṣòó kí fóònù wà ní ìwọ̀n eékún ọmọ, kó yà á láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ọmọ tí kò yẹ kí abẹ kàn

Àgbègbè wa mọ ibà apọ́njú ìkókó dáadáa, ó sì ń ṣe ọpọlọ léṣe níbi tó ń darí ìṣípòpadà ara. Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń lọ́ bírí-bírí, ẹsẹ̀ tó nà gan-gan láàárọ̀ lè ká lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá gé iṣan rẹ̀, ẹsẹ̀ lè yí sí òdìkejì, kó wá burú ju bó ṣe wà lọ. Bóyá ni abẹ iṣan fi yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé kó kànfọ̀ sáàárín aṣọ ìkókó. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní G6PD tó, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, èéfín kànfọ̀ yẹn lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ pọ́n kọjá ààlà.)

Àwọn mìíràn ti rí fídíò abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Otfrid Foerster bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, Warwick Peacock sọ ọ́ dọ̀tun ní Cape Town, T. S. Park ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní St. Louis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á gé lára àwọn fọ́nrán tó ń gbé ìmọ̀lára ẹsẹ̀ lọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi iná mànàmáná dán wọn wò. Líle tó ti ọpọlọ wá ló ń dín kù. Iṣan tó ti kúrú kò ní gùn nípa rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí láìpóṣù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gan, tí àyà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára, tó wà láàárín nǹkan bí ọdún 4 sí 10, ló bá jù. Ohun tí wọ́n bá sì gé kò ṣeé dá padà.

Òbí gbọ́dọ̀ béèrè ìpele tí ọmọ rẹ̀ wà. Ìpele márùn-ún tí Robert Palisano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Canada gbé jáde ní 1997 ni gbogbo ayé ń lò. Ọmọ ìpele 1 ń sá eré, ti ìpele 2 ń rìn ṣùgbọ́n ó ń di ara àtẹ̀gùn mú, ti ìpele 3 nílò ọ̀pá tàbí wọ́kà, ti ìpele 4 ń lo kẹ̀kẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ti ìpele 5 kò lè dá ọrùn àti àyà dúró. Abẹ kì í sábà gbé ọmọ láti ìpele kan sí èkejì. Ọmọ tó ń fi wọ́kà rìn á ṣì máa fi wọ́kà rìn, ṣùgbọ́n ó lè rìn ní ìdúró tó tọ́, kó rìn jìnnà, kó má tètè rẹ̀ ẹ́. Dókítà tí kò bá sọ èyí kí ìyá tó fọwọ́ síwèé kò ṣe dáadáa sí i.

Ọdún tó tẹ̀lé e

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọpọlọ kò yí padà, líle rẹ̀ ṣì ń bọ̀, ọmọ sì ń gùn sí i. Ohun tí ẹ bá ṣe nílé ló máa sọ bí àǹfààní abẹ yóò ṣe pẹ́ tó.

Kí wọ́n tó gba ọmọ sí wọ́ọ̀dù, kí wọ́n yẹ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àti genotype rẹ̀ wò. Ọmọ tó bá ń lo oògùn gìrì, ẹ má ṣe dá a dúró láàárọ̀ iṣẹ́ abẹ àfi bí dókítà oorun bá ní kí ẹ dá a dúró. Lẹ́yìn abẹ, ẹran á máa súnkì lójijì nínú POP, á sì máa dun ọmọ gan-an. Oògùn ìrora nìkan kì í tó, wọ́n sábà máa ń fi díẹ̀ nínú diazepam kún un. Ẹ béèrè rẹ̀.

POP ìsàlẹ̀ eékún máa ń wà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Ooru oṣù kẹta ní Ìlọrin á mú kó máa yún ọmọ. Ẹ má ṣe ti igi tàbí irin sínú rẹ̀. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má kan ibùsùn, torí ibẹ̀ ni egbò máa ń dá sí lábẹ́ POP láìhàn. Bí òórùn bá ń jáde, bí ìka ẹsẹ̀ bá tutù tàbí tó yí àwọ̀ padà, bí ọmọ bá ń ké sí ojú kan náà láìdákẹ́, ọsibítù ni kí ẹ kọjú sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá dẹ iṣan ẹ̀yìn eékún, ẹ má ṣe fi ìrọ̀rí sábẹ́ eékún. Ìyọ́nú ló ń mú kí a fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n eékún á tún ká padà. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ipá na eékún lẹ́ẹ̀kan. Okùn ìmọ̀lára tó gba ẹ̀yìn itan lè nà jù, kí ẹsẹ̀ kú tipiri. Èyí náà ni kò fi yẹ kí a gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún oníṣẹ́ egungun ìbílẹ̀ láti fà. Egungun ọmọ CP tí kì í rìn púpọ̀ máa ń fẹ́lẹ́, ó lè kán lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á.

Kí ọmọ máa dojú bolẹ̀ sùn díẹ̀ lójoojúmọ́, bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì, kí ìbàdí lè nà. Lẹ́yìn POP, bàtà rọ́bà líle tí àwọn físíò ń pè ní AFO ló kàn. Ọmọ á rẹ̀wẹ̀sì lóṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, á dà bí ẹni pé abẹ ti bà á jẹ́: agbára rẹ̀ á dín kù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń dá físíò dúró, pàápàá àwọn tó ń wọ mọ́tò wá láti Ìlọfà tàbí Òmù-Àrán, tí owó ọkọ̀ ti tán lọ́wọ́ wọn. Ó máa ń tó ọdún kan kí èso rẹ̀ tó hàn, nígbà mìíràn méjì. Bí wíwá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ físíò kó kọ́ ẹni kan nínú ilé ní ohun márùn-ún péré tí a máa ṣe lójoojúmọ́, kó sì wo ẹni náà bó ṣe ń ṣe é kí ẹ tó kúrò.

Ẹ tún bá aláfàá ilé-kéwú sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ ṣe ìjókòó lórí ẹní fún wákàtí mélòó kan, eékún rẹ̀ ká, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nà sẹ́yìn, ìyẹn gan-an ni ipò tí abẹ fẹ́ mú un kúrò. Àga kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kanlẹ̀ pẹrẹsẹ ló yẹ ẹ́. Kí àwọn àgbà ilé náà gbà fún un pé kó máa kí wọn lóròó fún ìgbà díẹ̀.

Ìbàdí tí ẹnikẹ́ni kò wò

Nígbà tí gbogbo ojú wà lára gìgísẹ̀, ìbàdí lè máa yẹ̀ kúrò ní oríkèé rẹ̀ láìdun ọmọ rárá. Ìwádìí ní Melbourne tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 rí i pé nínú ọmọ CP 100, nǹkan bí 35 ni ìbàdí wọn ń yẹ̀; kò sí ní ìpele 1, ó tó 90 nínú 100 ní ìpele 5. Ẹran inú itan tó ń fa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ló ń tì í jáde díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí kò ní rìn láéláé náà nílò ìbàdí tó dúró dáadáa, kó lè jókòó, kí wọ́n lè wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lè pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ láìdùn ún. Pípọ̀n tí à ń pọn ọmọ máa ń la itan rẹ̀, ipò tó dára fún ìbàdí ni, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò àyẹ̀wò.

Ní gúúsù Sweden, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1994 tí wọ́n ń pè ní CPUP: wọ́n ń tọ gbogbo ọmọ CP wò ní àkókò tí wọ́n ti dá, wọ́n sì ń ya X-ray ìbàdí. Yíyẹ̀ pátápátá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín àwọn ọmọ náà. X-ray kan náà kò ṣòro láti yà ní UITH (ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin) tàbí ọsibítù tó wà nítòsí yín. Àkọ́kọ́ nígbà tí ọmọ wà láàárín oṣù 12 sí 24, lẹ́yìn náà ní oṣù 6 sí 12 sí ara wọn fún ọmọ ìpele 3 sókè. Kí ọmọ dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ìdí rẹ̀ má lọ́, kí orí eékún kọjú sókè. Bí ẹsẹ̀ bá ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán náà á pa irọ́. Ẹ béèrè ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún orí egungun itan ló ti jáde. Bí ó bá ti kọjá 30, kí oníṣẹ́ abẹ rí i láìpẹ́, torí nígbà yẹn dídẹ ẹran inú itan lè ṣì ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá pẹ́ jù, gígé egungun ló kù. Ẹ kọ iye náà àti ọjọ́ tí wọ́n yà á sẹ́yìn káàdì ọmọ, kí ẹ sì gba fọ́tò àwòrán náà sórí fóònù yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.